Ẹni tó ń fọwọ́ ní àfọ̀túnfọ̀ kì í ṣe wèrè

 

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àti ọ̀rọ̀ àlàáfíà ìlú la sábà máa ń sọ lójú ewé yìí. Ti òní yàtọ̀ díẹ̀. Àìsàn kan wà nínú ilé wa tí a máa ń bò mọ́lẹ̀ nítorí pé a kò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn dókítà ń pè é ní Obsessive-Compulsive Disorder, wọ́n sì gé e kúrú sí OCD. Àwa Yorùbá kò ní orúkọ kan pàtó fún un, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣàlàyé rẹ̀ tán, ọ̀pọ̀ yín yóò sọ pé, "Ṣé ohun tó ń ṣe lágbájá nìyẹn?"

Ní bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ tọkọtaya kan wá síwájú àwa àgbà. Ọkọ ní kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́wàá ni ìyàwó òun ń gbà lọ́wọ́ mẹ́ruwà lójoojúmọ́, ọwọ́ ló sì ń fi èyí tó pọ̀ jù fọ̀. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Bí ọmọ bá ti iléèwé dé, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti bọ́ aṣọ, yóò wẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìyá ọkọ ní tòun, ó dájú pé ọmọbìnrin náà ti ṣe ohun tí kò dára, pé ẹ̀jẹ̀ ló ń fọ̀ lọ́wọ́ tí kò fẹ́ lọ. Wọ́n tilẹ̀ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ alẹ́ tí yóò gbé e padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí a ní kí òun náà sọ tẹnu rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, mo mọ̀ pé ọwọ́ mi mọ́. Ọkàn mi ni kò gbà."

Gbólóhùn yẹn gan-an ni àìsàn náà. Apá méjì ló ní. Apá kìíní ni èrò: èrò kan yóò wọ ọkàn èèyàn láìjẹ́ pé ó pè é, yóò máa pààrà, yóò máa dẹ́rù bà á, bó ṣe ń lé e lọ ló ń padà wá. Apá kejì ni ìṣe: onítọ̀hún yóò wá ohun kan ṣe kí ìbẹ̀rù náà lè rọlẹ̀. Á rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀. Kò ní pẹ́ tí èrò náà yóò tún dé, òun náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ìmọ́tótó lásán yóò wá gba gbogbo ọjọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ló ń gbà yọ. Ẹlòmíì, ìdọ̀tí àti kòkòrò àìsàn ló ń bà á lẹ́rù, òun ló ń fọwọ́, tó ń fọ aṣọ tí kò tíì dọ̀tí. Ẹlòmíì, ilẹ̀kùn ni. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó ti dé ìdí mọ́tò, yóò padà lọ fa àgádágodo wò. Ó tún dé ìdí mọ́tò, ó tún padà. Àwọn mìíràn, sílíńdà gáàsì ni wọ́n ń yẹ̀ wò ní ìgbà ogún kí wọ́n tó lè sùn. Oníṣòwò kan lè ka owó kan náà tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kì í ṣe pé owó náà dín, ọkàn rẹ̀ ni kò gbà pé ó pé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan wà tó jẹ́ pé nǹkan gbọ́dọ̀ tò géérégé kí ara wọn tó balẹ̀.

Ọ̀kan tún wà tó burú, nítorí pé ẹni tó ń ṣe kì í lè sọ ọ́ jáde. Èrò burúkú ni yóò ṣàdédé wá sí i lọ́kàn. Ìyá ọlọ́mọ tuntun yóò máa rò ó pé, "Bí mo bá lọ ju ọmọ yìí sínú kànga ńkọ́?" Ẹ̀rù á bà á, kò ní fẹ́ sún mọ́ kànga mọ́, á kó gbogbo ọ̀bẹ ilé pamọ́, á ní kí ẹlòmíì máa bá òun wẹ ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣe é. Ìfẹ́ tó ní sí ọmọ náà ló mú kí èrò náà bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà mọ̀ pé ẹni tó ní OCD kì í mú irú èrò bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Ó yàtọ̀ sí ìyá ọlọ́mọ tuntun tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, tó sì gba ohun tí ohùn náà ń wí gbọ́. Ìyẹn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e dé ọsibítù, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú.

Nítorí náà, ẹni tó ní OCD kì í ṣe wèrè. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló mọ̀ pé ohun tí àwọn ń ṣe ti pọ̀ jù, tí ojú sì ń tì wọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é ní kọ̀rọ̀, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún ló máa ń kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Ṣé ẹni tó bá ti ń fọwọ́ náà ti di aláìsàn nìyẹn?" Rárá o. Gbogbo wa la fọwọ́ nígbà Korona ní 2020, bí àrùn onígbáméjì bá sì wọ ìlú, ẹ fọwọ́ yín dáadáa. Ìwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò rọrùn. Bí èrò àti ìṣe náà bá ń gbà ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, tàbí tó bá ń ba èèyàn nínú jẹ́ gidigidi, tàbí tó bá ń dí i lọ́wọ́ iṣẹ́, ẹ̀kọ́ tàbí ìgbéyàwó, ó ti kúrò ní ìmọ́tótó. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi í hàn. Dókítà yóò jókòó ti onítọ̀hún ni, yóò fi ìbéèrè wá a wò. Ìbéèrè mẹ́wàá kan wà tí wọ́n ń lò káàkiri ayé láti 1989, máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 40. Bí máàkì bá ṣe ga tó ni àìsàn náà ṣe le tó.

Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ṣèwádìí rẹ̀, nínú 100 èèyàn, bí 2 ni àìsàn yìí máa ń ṣe nígbà kan láyé wọn. Bí tiwa bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé nínú ìpàdé tí 200 èèyàn bá ti jókòó, bí ẹni mẹ́rin wà níbẹ̀. Ìgbà ọmọdé tàbí ìgbà ọ̀dọ́ ló sábà ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọmọ ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì tàbí tó ń kọ́ṣẹ́. Ó máa ń rìn nínú ẹbí. Àwọn tó fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ sì rí i pé ọ̀nà kan wà láàrin iwájú ọpọlọ àti inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, tó ń ṣiṣẹ́ àṣejù lára àwọn tó ní OCD. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni láti kìlọ̀ fún wa pé nǹkan kan kò tọ́, kó sì dákẹ́ bí a bá ti tún un ṣe. Tiwọn kì í dákẹ́. Ó dà bí mọ́tò tí alámù rẹ̀ ń ké láàárín òru, tí kò sì sí olè kankan nídìí rẹ̀. Kì í ṣe àfọwọ́fà, kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe èpè.

Mùsùlùmí wà nínú wa, Kìrìsìtẹ́nì wà nínú wa. Àìsàn yìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ohun tí èèyàn bá sì kà sí jù lọ ló fi ń mú un. Ẹlòmíì yóò máa ṣe àlùwàlá lọ títí tí lèmọ́mù yóò fi kírun tán. Àwọn àfáà mọ̀ ọ́n, waswás ni wọ́n ń pè é, àwọn Hausa tí a jọ ń gbé náà sì mọ orúkọ yìí. Ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ ló fi òdiwọ̀n sí i pé kí fífọ oríkèé àlùwàlá má ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ, àti pé iyèméjì kì í ba ohun tó ti dájú jẹ́. Abu Zayd al-Balkhi, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí tó kú ní 934, kọ ìwé lórí ìtọ́jú ara àti ọkàn, ó sì ya waswás sọ́tọ̀ níbẹ̀ bí àìsàn ọkàn tó ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì náà mọ John Bunyan, ẹni tí wọ́n túmọ̀ ìwé rẹ̀ sí Yorùbá ní Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Nínú ìwé mìíràn tó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní 1666, ó ròyìn bí èrò kan ṣe ń yọ ọ́ lẹ́nu tọ̀sán-tòru pé kó ta Jésù, tí òun sì ń fi gbogbo agbára dáhùn pé òun kò ní tà á. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣègùn òde òní tó ka ìròyìn náà sọ pé OCD ló jọ. Ẹ ò wá rí i pé àìnígbàgbọ́ kọ́ ló ń fà á? Àfáà tó gbọ́n àti pásítọ̀ tó gbọ́n yóò gbàdúrà fún aláìsàn, wọn yóò sì tún sọ pé kó lọ rí dókítà. Pàṣán, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ kì í wo OCD. Ọgbẹ́ ni wọ́n ń dá sí i.

Ní ti ìtọ́jú, ọ̀nà méjì ló wà tí wọ́n ti dán wò tó sì ń ṣiṣẹ́. Èkíní kì í ṣe oògùn. Ní 1966, Victor Meyer, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ ní London, kọ ìròyìn nípa aláìsàn méjì kan tó tọ́jú. Ó ní kí wọ́n fọwọ́ kan ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, àwọn nọ́ọ̀sì sì dúró tì wọ́n kí wọ́n má ṣe lọ fọwọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tún ọ̀nà yìí ṣe. Lónìí, olùtọ́jú àti aláìsàn yóò jọ kọ gbogbo ohun tó ń bani lẹ́rù sílẹ̀, láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó ga jù. Ìsàlẹ̀ ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọwọ́ ilẹ̀kùn bá ló kéré jù, yóò dì í mú, kò sì ní fọwọ́. Àyà rẹ̀ á já, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Yóò jókòó tì í. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ìbẹ̀rù náà yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí omi, láìsí ọṣẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti wẹ omi tútù ní Kánò lásìkò ọyẹ́ mọ bó ṣe ń rí: igbá àkọ́kọ́ ló ń já èèyàn láyà, bí a ṣe ń wẹ̀ ẹ́ lọ ni ara ń gbà á. Bí 12 sí 20 ìjókòó ni ó sábà máa ń gbà. Ó ju ìdajì àwọn tó bá ṣe é parí lọ tó ń rí ìyàtọ̀ gidi.

Èkejì ni oògùn. Clomipramine ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí fún àìsàn yìí, ní 1989. Àwọn mìíràn ni fluoxetine, sertraline àti fluvoxamine. Dókítà nìkan ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kì í ṣe oníkẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ilé. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ nǹkan mẹ́rin. Kìíní, oògùn náà kì í yá: ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá kí ó tó fi agbára rẹ̀ hàn, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń sọ ọ́ nù ní ọ̀sẹ̀ kejì pé kò jẹ́. Ìkejì, bí ara bá ti yá, ó ṣì yẹ kí wọ́n lò ó tó ọdún kan ó kéré tán, kì í sì í ṣe ohun tí à ń dá dúró lójijì. Ìkẹta, ẹni tó ń lò ó kò gbọdọ̀ pa á pọ̀ mọ́ tramadol tó wọ́pọ̀ nígboro yìí. Àpapọ̀ méjèèjì lè fa gìrì, ó sì lè pa èèyàn. Ìkẹrin, ó lè da inú rú tàbí kó dí oorun lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀dọ́ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ayé sú òun nígbà tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ sáré gbé e padà tọ dókítà lọ.

Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, wọ́n ti dá tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ alẹ́ yẹn padà. Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin tó ti ń lọ ọsibítù. Mi ò ní sọ pé ó ti sàn tán. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá ti di mẹ́rin, ọmọ rẹ̀ sì ti ń gbé àpò iléèwé wọlé láìwẹ̀.

Àwa ará ilé náà ní iṣẹ́ tiwa, ibẹ̀ la sì ti ń ṣìṣe láìmọ̀. Bí aláìsàn bá bi ọkọ rẹ̀ pé, "Ṣé ọwọ́ mi mọ́?", ọkọ á ní, "Ó mọ́." Á tún bi í, ọkọ á tún dáhùn. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹwàá, ọkọ á jágbe mọ́ ọn. Ìdáhùn wọ̀nyẹn àti ìjágbe yẹn, kò sí èyí tó ṣe é lóore. Gbogbo ìgbà tí a bá bá a yẹ ilẹ̀kùn wò, tí a bá a pọn omi, tí a ní kí àwọn ọmọ wẹ̀ nítorí tirẹ̀, oúnjẹ la ń fún àìsàn náà jẹ. Ohun tó dára ni kí ẹ jọ fẹnu kò, pẹ̀lú olùtọ́jú, lórí bí ẹ óò ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bó bá tún béèrè, ẹ lè fi sùúrù sọ pé, "Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. A ti ní a kò ní dáhùn ìyẹn mọ́. Jẹ́ ká jọ jókòó títí yóò fi rọlẹ̀."

Ìdí nìyí tí mo fi lòdì sí àṣà kíkó aláìsàn sínú ọkọ̀ alẹ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Ìlọrin, tí ọkọ àti àwọn ọmọ á sì jókòó síbí. Ilé làbọ̀ sinmi oko lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìsàn kì í ṣe ẹrù tí à ń dà sílé. Nígbà tí Dókítà Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní Aro l'Ábẹ́òkúta ní 1954, kò gba ẹbí lọ́wọ́ aláìsàn. Ó ní kí ará ilé wá bá aláìsàn gbé nínú abúlé, kí wọ́n jọ máa gba ìtọ́jú náà. Ẹni tí ẹ dá rán lọ sílé, ẹ ti yọ ọ́ kúrò láàrin àwọn tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́.

Ìtọ́jú wà nítòsí wa. Ọsibítù Aminu Kano ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Ọsibítù ìjọba wà ní Dawanau, lójú ọ̀nà Katsina. Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ sí Kaduna, ọsibítù ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Barnawa. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ Dawanau, ojú á máa ti yín, bí ojú ṣe ń ti àwọn ará ilé bí a bá dárúkọ Aro tàbí Yábàá. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò wa ń lọ sí ọjà Dawanau ra ẹ̀wà àti ọkà bàbà, ojú kì í tì wọ́n. Ẹni tó lọ gba ìlera níbẹ̀ kò jalè. Ní January 2023, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin ayé òyìnbó tó ń pe gbogbo irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní wèrè. Òfin tuntun náà kò fàyè gba kí wọ́n lé èèyàn níbi iṣẹ́ tàbí nílé tó háyà nítorí irú àìsàn yìí. Kí àwọn onílé inú wa náà gbọ́ o.

Nǹkan mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Kánò. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí ẹnu wọn kò fẹ́lẹ́, tí wọ́n sì gbọ́ Hausa dáadáa, tí yóò máa bá aláìsàn lọ sí ọsibítù ní ìgbà àkọ́kọ́. Kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ẹgbẹ́ fún owó ọkọ̀ àti oògùn oṣù àkọ́kọ́. Bí ẹnìkan bá kú, kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti dá owó ọkọ̀ tí yóò gbé òkú rẹ̀ lọ sílé. Ẹ jẹ́ ká máa dá owó nígbà tí èèyàn ṣì wà láàyè. Ìkẹta, kí ìdílé kankan má ṣe lé ìyàwó tàbí kó dá ọmọ padà sílé nítorí irú ìwà yìí láìjẹ́ pé dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ, ìyẹn la fi ń sá fún orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo ń sọ nípa rẹ̀ yìí kì í ṣe wèrè, ó sì lè jẹ́ ọmọ tìrẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá mọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gbà fún un, ẹ sọ fún un pé àìsàn náà ní orúkọ, ó ní ìtọ́jú, kò sì jìnnà sí ibi tí ẹ wà yìí. Kí ẹ sì bá a lọ.